Ìgbálẹ̀ àti Ìwà

Ní ọdún 1947, lábẹ́ àkóso Amẹ́ríkà lẹ́yìn ogun, ni ilẹ̀ Jàpáànì gba ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4. Síbẹ̀, ìgbé-ayé ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì orílẹ̀-èdè méjèèjì kò bára mu. Ní Jàpáànì, inú yàrá kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà ń jókòó sí, tí olùkọ́ ń wọlé tọ̀ wọ́n. Àwọn fúnra wọn ni ó sì ń gbá a. Ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń lọ láti yàrá dé yàrá, púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni ó sì ń yàn fúnra rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ń gbowó ni ó ń gbálẹ̀.

Èwo ni ó ń kọ́ ọmọ ní ìwà? Ẹni tí kò gbálẹ̀ rí, ó ṣòro kí ó mọ iyì agbálẹ̀. Ẹni tí kò sì yan ohunkóhun rí, àṣẹ ni yóò máa retí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí olùkọ́ bá ń wò, gbogbo ọmọ ni yóò gbálẹ̀; ẹni tí ó gbá a nígbà tí kò sí ẹni tí ń wò ni ó kọ́ ìwà. Nítorí náà, kí a fi ìgbálẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́, kí a sì jẹ́ kí ó mọ ìdí rẹ̀.