Ìyá Àgbà, Kí Ni A Ó Fi Lé Wọn Lọ́wọ́?

Bíbélì kíkà: 2 Tímótì 1:1-7

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, Pọ́ọ̀lù rán Tímótì létí pé Lóìsì, ìyá-ńlá rẹ̀, ni ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ gbé, kí ó tó kan Yùníkè ìyá rẹ̀. Gíríkì ni baba rẹ̀, síbẹ̀ ó mọ Ìwé Mímọ́ láti kékeré.

Ẹ jẹ́ kí a wo ti ìtòsí wa. Ní 1821, a kó Òṣogùn, ní apá Ìsẹ́yìn, lẹ́rú. Àjàyí tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, àti Àfàlà ìyá rẹ̀, wà nínú àwọn tí a kó. Ọdún 25 kọjá kí wọ́n tó tún fojú kanra ní Abẹ́òkúta ní 1846. Ọjọ́ kan náà ni Àfàlà di ìyá àgbà fún àwọn ọmọ tí kò mọ̀ pé a ti bí. Kò sọ pé òun ti dàgbà jù láti kẹ́kọ̀ọ́. Ó ṣe ìrìbọmi ní 1848, ó sì gba orúkọ Hánà, ìyá Sámúẹ́lì. Ó wà láàyè títí di 1883. Ojú rẹ̀ ni Dandeson, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ṣe di Áṣídíákónì.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ wa wà ní Ìbàdàn àti Èkó. Ọmọ wọn wà lọ́dọ̀ wa. A ń ro àmàlà fún wọn, a ń wẹ̀ wọ́n. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá jí ẹran nínú ìkòkò, tí ìyá rẹ̀ fẹ́ bá a wí, tí a ní, “Ẹ fi ọkọ mi sílẹ̀,” kí ni a fi lé e lọ́wọ́? Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Kí wọ́n tó sùn, ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà pẹ̀lú wọn. Ẹni tí kò mọ̀wé, kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ máa ka Bíbélì sí i létí. Àwọn méjèèjì ni yóò jèrè.

Ẹ̀yin ọmọ wa obìnrin, ẹ má kó ọmọ ti ìyá kí ẹ sì gbàgbé. Ẹ fi owó oúnjẹ ránṣẹ́, ẹ béèrè bí orúnkún rẹ̀ ti ń ṣe é, ẹ má sì bu ẹnu àtẹ́ lu ìbáwí rẹ̀ lójú ọmọ.

Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí ìgbàgbọ́ kú mọ́ wa lọ́wọ́. Àmín.