Gbaná Jẹ

Fún kíkà: Lúùkù 24:13-35; Jákọ́bù 3:1-12



Ẹni tí ó ń gbé Kofar Kware mọ ohun tí ọyẹ́ ń ṣe. Ohun gbogbo a gbẹ, ètè a là, iná díẹ̀ a sì di ńlá. Ọ̀pọ̀ yín kò tíì gbàgbé oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, nígbà tí ọjà ńlá Sókótó gbiná, tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù sì jóná. Ta ni nínú àwọn oníṣòwò ibẹ̀ tí ó ránṣẹ́ pe iná? Nítorí náà ni a fi ń wí pé ọjà gbiná: ohun tí ó dé bá a ni.

Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fi ìbínú dìde, a ní ó gbaná jẹ. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ yìí. Ó gbà á, ó sì jẹ ẹ́. Òun tìkára rẹ̀ ni ó na ọwọ́ gba iná, tí ó fi sí ẹnu. Ǹjẹ́ ẹnu ta ni yóò kọ́kọ́ bó?

Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, ọ̀rọ̀ owó ìkórè dá iyàn sílẹ̀. Oníṣòwò kan ní àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kò mọ bí ọjà ti rí. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan dáhùn pé owó oṣù kì í ṣe omi ẹ̀rọ. Àwọn méjèèjì gbaná jẹ. Láti ọjọ́ náà, àyè méjì ṣófo nínú ilé ìsìn yìí. Ẹ̀yin ará, àwa mélòó ni a wà nílẹ̀ yìí, tí a ó fi máa dín ara wa kù?

Iná mìíràn wà. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn méjì tí ń lọ sí Émáúsì jẹ́wọ́ pé ọkàn àwọn gbiná nígbà tí Jésù ń bá wọn sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Kí ni iná náà mú wọn ṣe? Ilẹ̀ ti ṣú, ọ̀nà sì tó ibùsọ̀ méje, síbẹ̀ wọ́n dìde ní wákàtí kan náà, wọ́n padà sọ́dọ̀ àwọn ará ní Jerúsálẹ́mù. Báyìí ni ẹ ó ṣe mọ iná tí ó ti ọ̀dọ̀ Olúwa wá: ó ń dá ènìyàn padà sọ́dọ̀ arákùnrin rẹ̀. Èyí tí a gbà jẹ a máa lé e jìnnà.

Àwọn baba wa ní iná kú, ó fi eérú bojú. Ẹ má jẹ́ kí eérú nìkan kù láàrin wa. Kí ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀ tó dé, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn lọ kan ilẹ̀kùn arákùnrin rẹ̀. Kí ó mú sùúrù lọ, kí ó má mú àròyé lọ. Kí Olúwa fi iná tirẹ̀ sí wa lọ́kàn. Àmín.