Sùúrù Ẹni Tí Ń Lo Oògùn Ọpọlọ

Wàásù Jímọ̀ láti ẹnu Igbákejì Ìmáámù

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá àrùn, tí Ó sì dá oògùn. À ń yìn Ín, à ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tọ ipasẹ̀ wọn dáadáa títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, mo ń kìlọ̀ fún ara mi ṣáájú kí n tó kìlọ̀ fún yín pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun ní kọ̀rọ̀ àti ní gbangba. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí jẹ mọ́ sùúrù. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ wàásù lórí rẹ̀ rí, èmi náà sì ti ṣe é láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n mo ti fi ọ̀rọ̀ sùúrù ṣi ẹnìkan lọ́nà rí, ọkàn mi kò sì tíì sinmi lórí rẹ̀.

Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní ilé kéwú tí mo ti ń kọ́ni. Orí rẹ̀ dàrú, ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ìyá rẹ̀ mú un lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì fún un ní oògùn. Nígbà tí ó padà dé, ohùn náà ti dákẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, oorun sì ń gbé e kọjá ìrun àsùbáà. Ó wá bá mi, ó ní: “Àfáà, ṣé oògùn yìí kò ní ba ẹ̀sìn mi jẹ́ báyìí?” Mo dá a lóhùn pé kí ó fara dà á, kí ó má ráhùn sí ẹnikẹ́ni, nítorí ìráhùn ń dín ẹ̀san kù.

Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Kò sọ fún dókítà, kò sọ fún ìyá rẹ̀. Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó da oògùn náà sínú ṣáláńgá, kò sì sọ ìyẹn náà fún ẹnikẹ́ni. Kí oṣù méjì tó pé, wọ́n rí i ní ojú títì ní ìhòòhò. Ọlọ́hun ṣàánú rẹ̀, ó padà gbádùn, ó sì ti di baba ọmọ lónìí. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta gbáko ni ó sọnù nínú ayé rẹ̀, ọwọ́ mi sì wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bi ara mi, tí mo sì ń bi yín: kí ni sùúrù gan-an? Ṣé ẹni tí oògùn ń ni lára tí ó pa ẹnu mọ́ ni onísùúrù? Tàbí ẹni tí ó kọ oògùn sílẹ̀, tí ó ní Ọlọ́hun tó fún òun?

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ayé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Ìtàn náà wà nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá. Ọkùnrin kan wá sọ pé inú ń yọ arákùnrin òun lẹ́nu. Ànábì ní kí ó fún un ní oyin mu. Ó lọ, ó padà wá, ó ní òun ti fún un, ṣùgbọ́n ńṣe ni àìsàn náà ń le sí i. Ànábì ní kí ó tún fún un. Ó tún padà wá pẹ̀lú ìròyìn kan náà. Lẹ́yìn tí ó ti lọ tí ó ti bọ̀ léraléra, Ọlọ́hun fún arákùnrin rẹ̀ ní àlááfíà.

Ẹ kíyè sí ìṣe ọkùnrin yìí. Nígbà tí oògùn kò tíì ṣiṣẹ́, kò dà á nù. Nígbà tí ara aláìsàn ń le sí i, kò fi pamọ́. Ó padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó júwe oògùn, ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, ó sì gba àṣẹ tuntun lọ sílé. Ànábì kò pè é ní oníráhùn. Àlàyé tí Ibn al-Qayyim ṣe lórí rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ lórí ìṣègùn Ànábì ni pé oògùn ní ìwọ̀n, ó sì gbọ́dọ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú ìwọ̀n àìsàn: bí ó bá kéré, kò ní ka àìsàn; bí ó bá pọ̀ jù, yóò pa ara lára. Nínú hádíìsì mìíràn tí Jabir gbà wá, Ànábì kọ́ wa pé gbogbo àrùn ni ó ní oògùn, àti pé ìgbà tí oògùn bá bá àrùn mu ni ìwòsàn ń dé pẹ̀lú àṣẹ Ọlọ́hun. Bí oògùn bá ní láti bá àrùn mu, a jẹ́ pé wíwá a kàn jẹ́ ara ìtọ́jú.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ oògùn ọpọlọ rí. Ènìyàn méjì lè ní àìsàn kan náà, kí oògùn tí ó wo ọ̀kan sàn máà ran èkejì lọ́wọ́ rárá. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tí yóò sọ fún dókítà ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé èyí gan-an ni yóò bá ọ lára mu. Ó ní láti fún ọ ní ọ̀kan, kí ó wò ó, kí ó dín in kù tàbí kí ó fi kún un, nígbà mìíràn kí ó pààrọ̀ rẹ̀. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lè gba ọ̀sẹ̀ 2 sí 6 kí agbára rẹ̀ tó hàn, ṣùgbọ́n ìnira rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀: èébì, ẹnu gbígbẹ, àìróorunsùn. Ìnira ni ó kọ́kọ́ ń dé, ìrọ̀rùn ń bọ̀ lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń jáwọ́. Àwọn mìíràn a dúró títí ara yóò fi yá, wọn a wá dá a dúró lójijì, àìsàn a sì padà.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ara rẹ̀ le gbandi, tí kò lè jókòó lójú kan, tí ó ń sanra láìjẹun púpọ̀, tàbí tí ohun tí ó wà láàárín òun àti ìyàwó rẹ̀ kò lọ déédéé mọ́, kí ó sọ ọ́ fún dókítà. Kí ó má jẹ́ kí ìtìjú mú òun. Púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí ni ó ní àtúnṣe. Àwọn kan sì wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi sùúrù dúró dè rárá: èrò àti pa ara ẹni, ibà líle tí ó bá ara gígan wá, ara tí ó sú tàbí ojú tí ó wú lójijì. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ náà gan-an.

Ẹnìkan lè sọ pé: “Ọlọ́hun nìkan ni à ń ráhùn sí.” Òdodo ni. Ṣùgbọ́n ìròyìn yàtọ̀ sí ìráhùn. Nígbà tí orí ń fọ́ Ànábì, ó sọ fún Aishat pé orí ń fọ́ òun. Ànábì Ayyub ké pe Ọlọ́hun lórí ìnira tí ó bá a, síbẹ̀ Alùkùrání pè é ní onísùúrù. Nígbà tí ìwòsàn rẹ̀ sì dé, Ọlọ́hun pàṣẹ fún un pé kí ó fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ kí omi ìwẹ̀ àti omi mímu tó jáde. Ọba tí Ó lè wò ó sàn láìsí omi ni Ó fún un ní iṣẹ́ ṣe. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àdúà àti oògùn kò lè gbé inú ilé kan. Ẹni tí a ń ka Alùkùrání sí lára kò gbọ́dọ̀ torí ìyẹn pa oògùn rẹ̀ tì.

Àwọn kan ń ṣáátá oògùn yìí pé ti òyìnbó ni. Àwọn baba wa mọ egbò asofẹ́yẹjẹ fún ìtọ́jú wèrè kí òyìnbó tó dé. Ní 1952, àwọn onímọ̀ yọ èròjà tí wọ́n ń pè ní reserpine láti ara ẹbí igi náà tí ó wà ní Íńdíà, ilé ìwòsàn sì lò ó fún àrùn ọpọlọ. Òun náà ní ìnira tirẹ̀. Ọlọ́hun ni Ó ni igi, Òun náà ni Ó ni ọgbọ́n.

Nísinsìnyí, ìdáhùn tí ó yẹ kí n fún ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn nìyí. Ànábì ti kọ́ wa pé a kì í kọ ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ó sùn títí yóò fi jí, tàbí fún ẹni tí làákàyè rẹ̀ lọ títí yóò fi padà. Bí oorun oògùn bá gbé ọ kọjá àsùbáà, kí ìrun rẹ nígbà tí o bá jí, kí o sì bi dókítà bóyá a lè yí àkókò lílò rẹ̀ padà. Bí Ramadan bá ń bọ̀, lọ bá a ṣáájú. Ó lè ṣeé ṣe láti pín oògùn sí àsìkò sààrì àti ìṣínu. Ẹni tí ń lo lithium gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gan-an, nítorí bí omi bá gbẹ lára rẹ̀, oògùn náà lè pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Bí dókítà bá ní ààwẹ̀ yóò pa ọ́ lára, Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún aláìsàn. Gba ìyọ̀ǹda Rẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú.

Sùúrù yìí kì í ṣe ẹrù aláìsàn nìkan. Ní 1954, ní Aró ní Abẹ́òkúta, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ṣètò pé kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tí ó wà nítòsí, kí mọ̀lẹ́bí wọn wà pẹ̀lú wọn, kí wọ́n sì máa lọ gba ìtọ́jú. Ó mọ̀ pé ojú àánú jẹ́ ara ìwòsàn. Ẹ̀yin òbí, ẹ bá ọmọ yín kọ ọjọ́ tí ó lo oògùn àti ohun tí ó rí lára rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀lé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ̀yin ọkọ àti ìyàwó, ẹ má fi sísanra ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yin jámáà, bí ẹ bá rí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nínú sáfù, ẹ sún mọ́ ọn.

Sùúrù ni kí a má kúrò lójú ọ̀nà ìwòsàn, kí a sì máa sọ òtítọ́ ohun tí a bá pàdé lójú ọ̀nà náà.

Ìwọ Ọlọ́hun, Olùwòsàn, fún àwọn aláìsàn wa ní àlááfíà. Jẹ́ kí oògùn wọn bá àrùn wọn mu. Fún àwọn tí ń tọ́jú wọn ní òye àti àánú. Ìwọ Ọba Aláforíjìn, forí jin èmi àti gbogbo ẹni tí ó ti fún aláìsàn ní ìmọ̀ràn láìní ìmọ̀. Àámín.