Ta Ni Ó Ń Pín Akọ àti Abo?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bi mí léèrè l'Adó-Èkìtì pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí ó fi ooru yan akọ tàbí abo fún ẹyin, ṣé kò ti máa bá Ọlọ́hun du iṣẹ́ Rẹ̀?" Ọmọńlé alámì bí ẹkùn, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń sìn nínú ilé, ni ó ń wí. Ó fẹ́ sin tirẹ̀. (Hadith tí ó ní kí a pa ọmọńlé ń bẹ, mo mọ̀, ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.)

Ẹ̀yin èwe, ìbéèrè gidi ni. Bí àpótí tí a kó ẹyin rẹ̀ sí bá gbóná tó ìwọ̀n 26, abo ló ń pọ̀. Bí ó bá tó 32 sí 33, akọ. Bí ó bá dé 34, abo tún ni. Adìẹ a máa yí ẹyin rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yí tèyí lè pa ọmọ inú rẹ̀.

Mo ní, ẹni tí ó di kọ́kọ́rọ́ mú kọ́ ni ó kọ́lé. Ooru ti ń pín akọ àti abo nínú ilẹ̀ Pakistan kí ẹnikẹ́ni tó kan àpótí.

Ìdí tí a fi ń yàn ni ó bà mí lẹ́rù. Olùsìn ń fẹ́ abo púpọ̀, nítorí akọ méjì kì í gbé àpótí kan láìjà. Èyí tí kò wù ú ńkọ́? Mo ti rí ilé tí ọmọbìnrin kẹrin dé, tí wọn kò fi tayọ̀tayọ̀ kí ìyá rẹ̀ kú ewu. Ojú kan náà ni. Obìnrin tí hadith sọ pé ó wọ iná nítorí ológbò, títì í mọ́lé láìbọ́ ọ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Mo wá bi í pé bí iná bá lọ l'Adó fún ọjọ́ mẹ́ta, tí ẹyin ń bẹ nínú àpótí, kí ni yóò ṣe? Ó ní òun yóò lọ rò ó.