Ta Ló Di Igi Ṣóńṣó Mú?



Òwe kan wà tí gbogbo wa mọ̀: ẹni tó bá fẹ́ fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò bó ṣe ń dunni. Òwe yìí ti dá ọwọ́ ìkà púpọ̀ dúró. Àmọ́ ẹni tó di igi mú ló ń bá wí. Tí ẹyẹ bá wá kú, tí ẹnikẹ́ni ò di igi mú ńkọ́? Ṣé ẹ̀bi ti tán nìyẹn?

Ẹ jẹ́ ká wo Ìkẹjà níbí. Ní GRA, ní Aláùsá, títí dé iwájú àwọn ilé-iṣẹ́ ní Ọ̀rẹ́gùn, àwọn èèyàn ń gbin òdòdó. Ẹyẹ kíńkín kan máa ń wá síbẹ̀ láàárọ̀. Ẹnu rẹ̀ gùn, ó tẹ̀ bíi dòjé, ara akọ rẹ̀ a máa dán bí ìlẹ̀kẹ̀. Omi dídùn inú òdòdó ló ń fà mu. Ọ̀dọ́ tó bá fi fóònù yà á á ní hummingbird ni. Rárá o! Hummingbird kò sí ní Áfíríkà, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti àríwá àti ti gúúsù nìkan ló ń gbé. Tiwa yìí, sunbird ni òyìnbó ń pè é, wọn kì í sì í ṣe ìbátan tó sún mọ́ra.

Ẹ má sọ pé orúkọ ò ṣe nǹkan kan. Nínú Ìkà Òfún, Ifá kìlọ̀ fún àwọn àgbà pé kí wọ́n má fi orúkọ nǹkan kan pe nǹkan mìíràn. Ẹni tó bá ṣi ẹyẹ pè lè ṣì í ràn lọ́wọ́. Á máa po omi ṣúgà sínú ike pupa bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe, bẹ́ẹ̀ àìsí ṣúgà kọ́ ló ń pa tiwa.

Kí ló wá ń pa á? Ọta-píápíá wà níbẹ̀. Kòkòrò àti aláǹtakùn ni ẹyẹ yìí fi ń bọ́ ọmọ rẹ̀. Tá a bá fọ́n oògùn sára òdòdó, oúnjẹ ọmọ ẹyẹ la bà jẹ́ yẹn. Dichlorvos le débi pé ní 2019, NAFDAC ní kí wọ́n má ta ìgò kékeré rẹ̀ lọ́jà mọ́, torí àwọn tó ń mu ún kú. Ohun tó ń pa géńdé, kí ni yóò ṣe fún ẹyẹ tí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé gbà? Gíláàsì náà wà níbẹ̀. Ẹyẹ ò mọ gíláàsì. Tó bá rí òjìji igi àti ojú ọ̀run nínú rẹ̀, ó rò pé ọ̀nà ni. Ìwádìí kan tó jáde ní 2014 fojú bù ú pé ẹyẹ tí gíláàsì ilé ń pa ní Amẹ́ríkà lọ́dún kan tó mílíọ̀nù 365 sí mílíọ̀nù 988. Dúrọ́ọ̀mù omi tí a ò dé àti olóńgbò náà ń ṣe tiwọn.

Ẹnìkan á ní, "Baba, ṣé ẹ̀yin náà ò ń fi ẹyẹlé rúbọ ni?" Ìbéèrè gidi ni. Ẹyẹ ẹbọ ní ìdí. Ifá ló bèèrè rẹ̀, a dárúkọ ẹni tó ń rú u, ẹnìkan sì dúró tó lè sọ pé èmi ni mo pa á, ohun tí mo torí ẹ̀ pa á nìyí. Ẹyẹ tó forí sọ gíláàsì, ta ló bèèrè rẹ̀? Ikú tí kò lólúwa ni, òun ló sì ń bà mí lẹ́rù jù, torí kò sẹ́ni tó máa sọ pé ó tó.

Èrò tèmi rèé. Ẹni tó gbin òdòdó ti pe àlejò. Yorùbá kì í pe àlejò wá jẹun ká tún bu májèlé sí ọbẹ̀. Pé a ò pète ibi kò ní kí a má jẹ̀bi, nígbà tó jẹ́ pé àwa la pè é, àwa la sì mọ ohun tó wà nínú ilé.

Ẹ lè ní ẹ̀fọn ńkọ́, ibà ń pa ọmọ wa l'Ágége. Òótọ́ ni, ọmọ èèyàn ló ṣáájú. Àmọ́ omi tó dúró ni ẹ̀fọn ń yé sí. Ẹ da omi ìdọ̀tí nù, ẹ dé dúrọ́ọ̀mù: ẹ̀fọn á dín kù, ẹyẹ ò ní rì. Ẹ má fọ́n oògùn sí òdòdó. Ẹ fi pẹ́ńtì tọ́ àmì sí gíláàsì láti ìta, kí àlàfo wọn má ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Tí ẹyẹ bá forí sọ wíńdò tó ṣubú, tó ṣì ń mí, ẹ gbé e sínú páálí tó ní ihò, ẹ dé e, ẹ gbé e síbi tó dákẹ́. Ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan, ẹ ṣí i níta. Tí orí bá ṣe é, á fò lọ.

Lórí ọ̀pá Ọ̀sanyìn, ẹyẹ ló wà lókè. Kò yẹ kí ẹni tó ń bọ ọ̀pá náà máa gbá òkú ẹyẹ lábẹ́ wíńdò láràárọ̀, kó má bi ara rẹ̀ léèrè ẹni tó di igi mú.