Àkísà Àgbà: Ìwà Tó Yẹ Jagunjagun Tó Di Àlùfáà Ológun

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìrírí ni òwe yìí ń yìn, èyí tí owó kò lè rà tí ilé-ẹ̀kọ́ kò sì lè fi fúnni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn tó ń pa á kì í sábà rántí, èyí sì ni pé àkísà kì í ṣe aṣọ òde, àgbà tó bá sì mọ iyì ara rẹ̀ kì í kó tirẹ̀ síta fún àlejò wò. Bí a bá fẹ́ rí ibi tí ìhà méjèèjì òwe náà ti kan ara wọn, ọ̀rọ̀ jagunjagun tó wá di àlùfáà ológun ló yẹ kí a yẹ̀ wò.

Àlùfáà ológun ni ojíṣẹ́ Ọlọ́run, ìbáà ṣe pásítọ̀, fadá tàbí lémọ́ọ̀mù, tí iléeṣẹ́ ológun gbà síṣẹ́ láti máa bójú tó ẹ̀mí àwọn ọmọ ogun àti ìdílé wọn. Ó ń wọ aṣọ ológun, ó sì ní oyè bíi ti ọ̀gá yòókù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ìjà. Nínú iṣẹ́ ogun orí-ilẹ̀ Nàìjíríà, ẹ̀ka mẹ́ta ló wà fún iṣẹ́ yìí, ti Kátólíìkì, ti Pùròtẹ́sítáǹtì àti ti Mùsùlùmí, orúkọ tí àwọn sójà sì fi ń pe àlùfáà Kristẹni ni Pádírè. Àwọn kan ti ń ṣe àlùfáà kí wọ́n tó wọ káàkí, àwọn mìíràn sì wà káàkiri ayé tó jẹ́ pé ìbọn ni wọ́n kọ́kọ́ gbé. Paul Hurley, olórí àwọn àlùfáà ọmọ ogun orí-ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti 2015 sí 2019, kẹ́kọ̀ọ́ jáde nílé-ẹ̀kọ́ ológun West Point ní 1984, ó sì wà lára àwọn ọ̀gá tó ń darí ìbọn àgbá kí ó tó di fadá ní 1995.

Láyé àtijọ́, ilẹ̀ Yorùbá kò ya iṣẹ́ ogun àti iṣẹ́ awo sọ́tọ̀ pátápátá. Babaláwo àti oníṣègùn máa ń bá ọmọ ogun lọ sí ibùdó, balógun mìíràn sì jẹ́ awo fúnra rẹ̀. Àpẹẹrẹ tó hàn jù ni Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní Ìjàyè, ẹni tí Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, sọ pé ó fi ara rẹ̀ jẹ olórí awo àwọn òrìṣà ìlú náà. Nígbà tí Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ẹni tí ì bá dúró lórúkọ òrìṣà kó sọ fún Ààrẹ pé ó tó, Ààrẹ náà ni. Ó kú ní 1861, Ìjàyè sì tú ní ọdún kejì.

A kì í jẹ méjì lábà Àlàdé, òfin ogun òde òní sì gbà bẹ́ẹ̀. Àdéhùn Geneva ti 1949 pàṣẹ pé ọ̀tá kò gbọdọ̀ kọlu àlùfáà ológun, bí wọ́n bá sì mú un, wọn kò gbọdọ̀ kà á sí ẹlẹ́wọ̀n ogun. Àfikún àdéhùn náà ti 1977, tí Nàìjíríà tẹ́wọ́ gbà ní 1988, sọ ọ́ kedere pé gbogbo ọmọ ogun ló ní ẹ̀tọ́ láti jà, àfi àwọn oníṣègùn àti àwọn àlùfáà wọn. Àmì tí a fi ń dá a mọ̀ ni aṣọ funfun tó ní àgbélébùú pupa, tàbí oṣù pupa, tí yóò so mọ́ apá òsì. Yíyẹra fún ìjà rọrùn fún ẹni tí kò mọ bí a ti ń yin ìbọn, ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn ń dojú kọ ìdánwò ńlá lọ́jọ́ tí ọ̀tá bá ba níbùba, tí sójà kan sì ṣubú tòun ti ìbọn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ó bá gbé ìbọn náà láti bá wọn jà, ó ti bọ́ lábẹ́ ààbò òfin, àwọn àlùfáà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ọ̀tá yóò sì máa fura sí láti ọjọ́ náà lọ. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí jagunjagun tó fẹ́ di àlùfáà gbọdọ̀ ṣe ni kí ó sọ ìbọn kalẹ̀ pátápátá, kì í ṣe kí ó fi pa mọ́ sábẹ́ ẹ̀wù àlùfáà.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti jinlẹ̀ jù ni ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn. Ilẹ̀ Èkó mọ èyí dáadáa, nítorí pé ní Yábà ni ilé ìwòsàn ológun ńlá tó ń jẹ́ 68 Nigerian Army Reference Hospital wà, ilé ìwòsàn eegun tó wà ní Ìgbóbì pàápàá sì bẹ̀rẹ̀ láti inú ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ojú tó ti rókun kò ní í rọ́sà kó bẹ̀rù: àlùfáà tó ti jà rí kì í fajú ro nígbà tí wọ́n bá ń tú báńdéèjì, kì í sì í béèrè ìbéèrè òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ìrírí rẹ̀ ti lè di ìdíwọ́. Sójà tó ti pàdánù ẹsẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, àlùfáà sì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé, “Ọmọ mi, èyí kéré, ohun tí ojú wa rí ní Làìbéríà jù báyìí lọ.” Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ọmọkùnrin náà yóò dá a lóhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni sà,” yóò sì kọjú sí ògiri. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà yóò fa àga súnmọ́ tòsí, kí ojú rẹ̀ má baà ga ju ti ẹni tó dùbúlẹ̀ lọ, yóò ṣí fìlà oyè rẹ̀ kúrò lórí, yóò sì dákẹ́ títí ọ̀rọ̀ yóò fi tán lẹ́nu onítọ̀hún. Ohun tí ojú rẹ̀ rí lójú ogun ni kí ó sọ di etí, kì í ṣe ẹnu.

Ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde nígbà náà lè wúwo ju ti ẹsẹ̀ tó gé lọ. Jonathan Shay, oníṣègùn ọpọlọ ará Amẹ́ríkà tó tọ́jú àwọn tó jagun Vietnam, ṣàlàyé irú ọgbẹ́ kan tí a lè pè ní ọgbẹ́ ẹ̀rí-ọkàn, ìyẹn ìrora ẹni tó mọ̀ pé òun ṣe ohun tí kò tọ́, tàbí pé ọ̀gá tí òun gbẹ́kẹ̀ lé ló da òun. Ìrora yìí yàtọ̀ sí ẹ̀rù tó ń jí ènìyàn lóru, bó tilẹ̀ jẹ́ pé méjèèjì lè wà lára ẹnì kan. Sójà tó wà ní Èkó kì í fẹ́ sọ ọ́ fún dókítà, nítorí pé ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Yábà ní 1907 ti di ohun àwàdà lẹ́nu ará ìlú, tí wọ́n ń pè ní “Yaba Left”, kò sì sí ọkùnrin tó fẹ́ kí wọ́n máa wí ní bárékè pé ibẹ̀ ni wọ́n gbé òun lọ. Àlùfáà ni yóò lọ bá, pàápàá tó bá gbọ́ pé ẹni náà ti jà rí. Bí ìtọ́jú bá wá ju àdúrà lọ, àlùfáà náà ló yẹ kó sọ fún un pé kò sí ìtìjú nínú rírí dókítà, kó sì bá a dé ibẹ̀ bí ó bá gbà. Bí ọ̀gá ológun bá sì béèrè ohun tí wọ́n jọ sọ, kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Iṣẹ́ kan kù tí àṣà Yorùbá ní ohun tí yóò kọ́ àlùfáà nípa rẹ̀, èyí ni títúfọ̀, ìyẹn sísọ ìròyìn ikú fún ẹni tó ni òkú. Ní bárékè bíi Abalti ní Sùúrùlérè, ìyàwó sójà tó bá rí Pádírè pẹ̀lú ọ̀gá kan lẹ́nu ọ̀nà ti mọ ohun tó dé kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Yorùbá kì í sọ irú ọ̀rọ̀ yìí ní gbangba wàláwàlá. Wọ́n á kọ́kọ́ wá àgbà obìnrin tó sún mọ́ ọn, wọ́n á jókòó, wọn kò sì ní í fi opó náà nìkan sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹni tó ti jà rí lè rò pé ìtùnú ni kí òun sọ pé ikú ogun ní í pa akíkanjú. Òótọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n ibi ìsìnkú akọni ni wọ́n ti ń pa á, kì í ṣe létí opó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́.

Àwọn ọ̀gágun mìíràn ti gba ọ̀nà ẹ̀sìn lọ lẹ́yìn ogun: Yakubu Gowon dá ẹgbẹ́ àdúrà Nigeria Prays sílẹ̀ ní 1996, Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sì gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run ní yunifásítì NOUN. Iṣẹ́ tiwọn yàtọ̀, nítorí pé gbogbo ìlú ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ti àlùfáà ológun kò gba èrò púpọ̀, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ọ̀pọ̀ ìjọ ní Mushin, Yábà àti Sùúrùlérè wà: bí wọ́n bá ti gbọ́ pé àlùfáà ológun kan jagun rí, wọ́n á pè é sórí pẹpẹ kó wá jẹ́rìí bí ọta ìbọn ṣe gba etí rẹ̀ kọjá, ìjọ á sì pàtẹ́wọ́. Ìpàtẹ́wọ́ yẹn ní í kọ́ ọ láti máa kó àkísà rẹ̀ síta. Ẹ̀yin alàgbà ìjọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbé gbohùngbohùn fún un mọ́. Ẹ bá a wá owó ọkọ̀ àti èso tí yóò mú lọ sí wọ́ọ̀dù ní Yábà, kí ẹ sì jẹ́ kí ó máa lọ.