Ṣé A Lè Jẹ́rìí sí Ohun Tí Kò Ṣẹlẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a jọ gbé ìbéèrè kan yẹ̀ wò: ìtọ́jú tí kò dá ohun tó sọnù padà, ṣé a lè pè é ní ìwòsàn?

Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Wuse, ní Àbújá níbí, ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ìpàdé àdúrà àwa tí a ti jáde ní yunifásítì. Glaucoma ti gba ojú òsì rẹ̀, ó sì ti ń ba ti ọ̀tún jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sọ fún un nípa ìtọ́jú tí wọ́n ń fi ultrasound ṣe. Dókítà rẹ̀ ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìríran tó ti lọ kò ní padà. Ẹ̀gbọ́n wá ní, "Kí ni mo wá fẹ́ náwó lé lórí? Ṣebí Bátíméù ríran ni!"

Omi kan ń sun nínú ojú, ó sì ń ṣàn jáde. Bí kò bá rí ọ̀nà jáde dáadáa, ìfúnpá inú ojú á ga, á sì máa pa iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ. Iṣan tó bá ti kú kì í jí mọ́. Ultrasound ni ìró tí etí wa kò lè gbọ́, tí wọ́n tún fi ń wo ọmọ inú aboyún. Nínú ìtọ́jú yìí, ooru rẹ̀ ń dín omi tó ń sun nínú ojú kù, láìfi abẹ la ojú. Àwọn oníṣègùn ní New York ti ṣe irú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Síbẹ̀, ìfúnpá náà lè tún ga, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ṣì máa ń kán oògùn sójú.

Mo bi ẹ̀gbọ́n pé, "Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ, ọdún mélòó ni aṣọ ń lò kó tó gbó?" Ó rẹ́rìn-ín. Aṣọ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kò gbó fún 40 ọdún nínú aginjù. Kò sí òwúrọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni rí i bí iṣẹ́ ìyanu náà ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ọlọ́run tó la ojú Bátíméù náà ló pa aṣọ wọn mọ́.

Àwa kì í sábà jẹ́rìí àfi sí ohun tó padà bọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń pa oògùn ojú tì: wọn kò rí ohun tó ń ṣe. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láti 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú 100 ènìyàn tó ti pé 40 ọdún, bí i 5 ló ní glaucoma. Nínú 100 àwọn tó ní in, ó lé ní 94 tí kò mọ̀.

Èmi kò sọ pé dandan ni kí ẹ̀gbọ́n ṣe ultrasound. Àpò rẹ̀ àti dókítà rẹ̀ ni yóò pinnu ìyẹn. Oògùn kíkán náà ń pa ojú mọ́. Ẹkún ojú òsì náà kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ojú tó ṣì ń ka téèpù ìwọnṣọ kì í ṣe ohun kékeré. Ohun a ní là ń náání.

Àìsàn yìí a máa rìn nínú ẹbí. Nítorí náà, ẹni tó bá ní in jẹ àwọn ọmọ àti àbúrò rẹ̀ ní gbèsè: kí ó sọ fún wọn. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ojú yín. Bí dókítà bá ní kò sí nǹkan kan, ẹ wá jẹ́rìí. A ó bá yín pàtẹ́wọ́.